Oyin Ìyá Àgbà

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Toyyibah nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé e ṣánlẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fún un kò kápá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Olúfúnmilọ́lá, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ àti wárápá, fi gbà á mọ́ àwọn ọmọ tó ń tọ́jú nílùú náà, níbi tí wọ́n ti bí Toyyibah. Ohun tó sọ fún Qudirat, ìyá ọmọ náà, kò ṣòro láti gbọ́, àmúṣe rẹ̀ ló le. Kí ọmọ má jẹ iṣu, kó má jẹ gàrí, kó má fẹnu kan ìrẹsì tàbí ṣúgà. Ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti òróró àgbọn ni kó máa jẹ. Bí ara kò bá rí iṣu àti ṣúgà lò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá dáná, irú iná bẹ́ẹ̀ a sì máa mú kí ọpọlọ àwọn ọmọ kan rọlẹ̀.

"Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí kò gbọdọ̀ jẹ iyán!" Qudirat rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú.

Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sílé, kí ojú rẹ̀ lè máa wà lára ọmọ. Àwọn aládùúgbò ní ó ń fi ebi pa ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. Ó gbọ́, ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, wárápá kò gbé Toyyibah mọ́.

Ìgbà náà ni ìyá Qudirat dé láti Arimogija, láti wá bá a tọ́jú ọmọ. Kò pẹ́, wárápá padà.

Ní ilé ìwòsàn, bébà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ ọmọ, tó ti máa ń di elésè àlùkò bí ara bá ń fi ọ̀rá dáná, kò yí àwọ̀ padà rárá. Dókítà wò ó títí.

"Ìyá Toyyibah, kí lẹ fún un jẹ?"

"Ohun tí ẹ ní kí n fún un náà ni."

"Bébà yìí kì í purọ́."

"Èmi ló wá ń purọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn ń dúró de àyè yìí. Tí kò bá yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

Qudirat gbọ́wọ́ sókè níwájú nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyá tó jókòó. Ó fi orúkọ Ọlọ́run búra pé ohun tí dókítà kà léèwọ̀ kò tíì wọ ẹnu ọmọ òun. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń ka tẹ̀súbà rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Qudirat ti ń kó aṣọ fífọ̀, ó rí i pé eèrà ti bo ọrùn aṣọ tí Toyyibah fi sùn. Ó fi ìka kan aṣọ náà, ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Toyyibah ló jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà, tó la ẹnu sílẹ̀ de ṣíbí.

"Màmá!"

"Kí ló dé? Oyin ni. Oyin Okeluse gidi, kì í ṣe èyí tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń tà."

"Dókítà ní kò gbọdọ̀ jẹ ṣúgà!"

"Ṣé ṣúgà lo rí yìí? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní ìwòsàn wà nínú oyin. Ṣé dókítà rẹ gbọ́n ju Ọlọ́run lọ ni?"

Qudirat jókòó. Inú kò tíì bí i. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wárápá ló gbé Yahya, àbúrò rẹ̀, sínú iná lábà, ìyá wọn kò sì rí nǹkan kan ṣe fún un kó tó kú.

"Ojoojúmọ́ ni, Màmá?"

"Ṣíbí kan, lẹ́yìn àdúrà."

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo búra."

Ìyá rẹ̀ dé ìgò oyin.

"Ẹ gbọ́ ọ. Tí oyin kì í bá ṣe èèwọ̀ lójú yín, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lójú dókítà?"

"Wọn ìbá gba oyin náà lọ́wọ́ mi."

Ìgbà yìí ni ọkàn Qudirat tó fọ́. Oyin lè jẹ́ àìmọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ níwájú dókítà kì í ṣe àìmọ̀.

Ó padà lọ bá dókítà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ìyá mi ni." Dókítà ní kó má bínú, ó tètè sọ ọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà gbóná lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ló máa wá wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ẹ bá jáde?"

Qudirat kò lè fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ mọ́, ó ní kó padà sí Arimogija. Ní gáréèjì, ìyá àgbà gbá ẹrù rẹ̀ mọ́ àyà. "Ọmọ tí mo pọ̀n ló ń sìn mí kúrò nílé rẹ̀."

"Tí ara Toyyibah bá ti dá, màá wá mú yín."

"Tí mo bá ti kú ńkọ́?"

Qudirat gba ẹrù náà, ó gbé e sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ gbéra.

Nílé, ó fi òróró àgbọn dín ẹyin. Toyyibah kò fọwọ́ kàn án.

"Ìyá àgbà dà?"

"Wọ́n ti padà sílé wọn."

"Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Jẹ ẹyin rẹ."