Géètì Idwal Prosser

Ọjọ́ tí katakata ìroko dojú dé lé Gethin aládùúgbò mi lórí ni mo fi òòlù fọ́ orúnkún arúgbó.

Ilé márùn-ún péré ni wá lórí òkè kan ní Wales. Àgbàrá ti wó afárá wa láti oṣù Kejì, ìjọba ìbílẹ̀ ní ká ṣe sùúrù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù gba inú oko Idwal Prosser. Idwal sì ti fi ṣéènì de géètì rẹ̀ pa, torí àwọn tó fẹ́ ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ fún wa wó ògiri òkúta tí baba rẹ̀ mọ, wọn ò sì tún un mọ. Ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wọlé.

Igbe Tegwen, ìyàwó Gethin, ni mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo débẹ̀, irin ti run itan Gethin, egungun ti yọ jáde. Mo fi bẹ́líìtì mi so ó. Fóònù ò ṣiṣẹ́ níbi tí a wà, ni Tegwen bá sáré gun ṣóńṣó òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó pẹ́ kó tó padà.

"Áńbúláǹsì ń bọ̀, Mabli. Wọ́n ní ọ̀nà Idwal nìkan ni wọ́n lè gbà."

Mo gbé òòlù tí a fi ń gbá òpó ọgbà wọlẹ̀, mo sáré lọ. Idwal ti dúró lẹ́nu géètì tòun ti ọ̀pá tó fi ń da àgùntàn.

"Bàbá, ẹ ṣí i! Gethin ń kú lọ!"

"Irọ́ ni! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? O ní ìyàwó Huw, aládùúgbò yín, ń rọbí. Mo ṣí i, ọkọ̀ àwọn oníwáyà ló wọlé."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn.

"Ti òní kì í ṣe irọ́, Bàbá. Mo bẹ̀ yín."

"Lọ bẹ ẹlòmíì, òpùrọ́!"

Mo la òòlù mọ́ ṣéènì. Ó la ọ̀pá mọ́ mi lẹ́nu. Eyín mi méjì bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu mi. Ó fa irun mi, ó gbá orí mi mọ́ irin géètì lẹ́ẹ̀mejì. Mo tì í kúrò lára mi, mo la òòlù mọ́ ọwọ́ tó fi di géètì mú. Ìka rẹ̀ ró bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú.

Ó yẹ kí n kọjú sí ṣéènì nígbà náà. Mo tún gbé òòlù sókè, mo sọ ọ́ sí orúnkún rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo ṣe é. Mi ò ní parọ́ ìyẹn.

Áńbúláǹsì ti dé. Obìnrin kan bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ sọ òòlù yẹn sílẹ̀, màámi! Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí n já ṣéènì ná!" Ẹ̀jẹ̀ ń ta jáde lẹ́nu mi bí mo ṣe ń pariwo. Mo já a.

Áńbúláǹsì kan náà ló gbé Gethin àti Idwal lọ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Gethin, ṣùgbọ́n ó yè.

Ní kóòtù, Idwal ò bú mi. Ohun tó sọ fún adájọ́ ò ju, "Ó ti tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ni lẹ́tà Tegwen ti bá mi: wọ́n ti gbé wáyà gba orí òpó níhà kejì òkè. Ti afárá, ó ní kí n má béèrè.

Lẹ́yìn tí mo jáde, mo bá Idwal pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta àgùntàn.

"Ẹnu ẹ ti jinná?" ló bi mí.

"Ó ti jinná, Bàbá. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Kò jinná."

Ó yíjú sí àwọn àgùntàn. Mo dúró tì í títí wọ́n fi tà wọ́n tán. Kò lé mi.