Ogójì Ọ̀pá Pérégún

Ọdún kẹrìnlá nìyí tí mo ti ń dáko lórí ilẹ̀ Bàbá Olúsànyà ní ìsàlẹ̀ Ìrolù. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi nílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Lìádì, gbin àgbàdo, gbin ẹ̀gẹ́. Igi tó máa pẹ́ láyé, má gbìn ín." Ó yé mi. Àlejò tó bá gbin igi ti ń sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di tirẹ̀ nìyẹn. N kò tilẹ̀ gbin ọsàn kan.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí Tíṣà Fábíyìí wá. Iná ọ̀yẹ́ ọdún 1983 ti jó igbó etí odò tán, omi sì ń gbẹ. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, Tíṣà kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì jọ ní Sátidé láti tún igbó náà gbìn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí àwa tí oko wa wà nítòsí náà wá.

"Ṣé Bàbá gbọ́ sí i, sà?"

"Àwọn gan-an ló fún wa láyè. Àbí ẹ̀rù igi ló ń bà ọ́, Lìádì? Kò ní bù ọ́ jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọkọ́. Ọmọ ìrókò, arère, òganwó, inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n wà. Mo gbìn wọ́n dáadáa. Tíṣà ní ká ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àdá má baà bẹ́ ẹ nígbà tí a bá ń roko. Oparun tí a fi ń ṣe ọ̀pá tán, òjò ń ṣú bọ̀. Mo rí pérégún kan létí ọ̀nà tí iná ti jó. Mo ní ó ti kú. Mo gé ogójì ọ̀pá nínú rẹ̀, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Hàbíbátù ìyàwó mi lọ pọn omi, ó gbé ike òfìfo padà.

"Bàbá Ràmọ́tù, ta ló ní kí ẹ pa ààlà?"

"Ààlà wo?"

"Ẹ wá wò ó."

Mo lọ. Ọ̀pá ti hùwé. Gbogbo rẹ̀. Ìlà gbọọrọ, láti etí odò wá kan oko mi. Pérégún ni a sì fi ń pa ààlà ilẹ̀, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí i á ní Lìádì ti gé ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fà á tu."

"Kí ẹnì kan wá rí mi tí mo ń hú pérégún lórí ilẹ̀ onílẹ̀? Ìyẹn burú ju èyí lọ."

"Ṣé ẹ ó wá jókòó tì í kó máa dàgbà ni?"

N kò lè jẹun. Ọmọ mẹ́rin. Bí Bàbá bá gba ilẹ̀, n kò mọ ibi tí mo máa kó wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Ọ̀rọ̀ mi ò tò. Mo sọ ti òjò, mo sọ ti oparun, kí n tó dé orí pérégún. Bàbá mú ọ̀pá ìtìlẹ̀, a jọ sọ̀kalẹ̀ lọ. Wọ́n wo ìlà náà títí. Wọ́n wá wò mí.

"Ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni, sà. Mo rò pé iná ti pa á."

"Pérégún? Lìádì! Bàbá bàbá mi ló ri ti etí ọ̀nà yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Fọkàn balẹ̀. Olè kì í wá fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hú ọ̀pá àkọ́kọ́. "Ọwọ́ mi ló gbọ́dọ̀ hú u. Ìwọ máa gbà á. Tíṣà á wá oparun mìíràn."

Wọ́n hú u tán, ogójì pérépéré. Wọ́n wá fi gìgísẹ̀ fa ilẹ̀ níbi tí ẹ̀gẹ́ mi ti pàdé àwọn ọmọ igi.

"Rì wọ́n síbí. Láti òní lọ, àdá rẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Ti àwọn ọmọ mi náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ààlà igbó nìyí."

Ìlà ẹ̀gẹ́ mi méjì bọ́ sí ọ̀hún. Bàbá náà rí i.

"Tó bá gbó, kí o wà á."

Mo wà á nígbà tó gbó. Àwọn ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ bi Bàbá léèrè, kí n tó gbin òganwó méje sí i.