Ewúro Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Jókòó, Adùnní, kí àlá yìí tó bọ́ lórí mi. Ẹ̀gbọ́n mi Láyí, tí jẹjẹrẹ ń bá jà lẹ́nu, ló la ẹnu sílẹ̀, ẹnu náà sì fẹ̀ tó gbọ̀ngàn yunifásítì wa. A bọ́ bàtà, a wọlé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó lórí eyín pẹ̀lú ẹ̀wù oyè wọn, èmi náà rí eyín kan tó ń mì jókòó lé. A fẹ́ mọ̀ bóyá ewúro lè pa jẹjẹrẹ náà. Ọ̀gá wa níbi ìwádìí náà fi iyọ̀ fọ ewúro títí kò fi hó mọ́, ó da omi rẹ̀ nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, ó wá ń fi ewé náà ra egbò jẹjẹrẹ náà.

Ó ní, "Kò ṣiṣẹ́." A pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ fọ ìkorò rẹ̀ dànù?"

Ó wò mí bíi pé n kò kàwé. "Ta ló ń jẹ ewúro láìfọ̀?"

Omi tó dà nù ti ṣàn dé ibi egbò, ó sì ń hó. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ahọ́n, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn pé ẹnìkan bi òun léèrè. Ó fẹ́ dáhùn. Ó pa ẹnu dé láti sọ̀rọ̀, mo sì jí.