Pupa Bíi Ti Ta Ni?

"Òun náà yege," ni Rodiat wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tó ń ta á. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Agric, tó ń yẹ ìlà wò, ìlà ṣáá. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe ló ń sọ àwòrán ọ̀nà omi orí bébà di ti orí fóònù fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ìlà kan ń fi ọ̀nà hàn, ìkejì ń fi ibi tí gẹdú rì sí hàn.

Festus, ọ̀gá rẹ̀, ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní kó kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ yege, kí wọ́n fi ránṣẹ́, ó ti rẹ gbogbo àwọn.

Fóònù dún. Súbérù, bàbá Rodiat, ni, tó ń fi ọkọ̀ kó èrò ní Ẹ̀pẹ́. Rodiat ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i kó bá òun wò ó.

"Rodiat, wọ́n ní kí n tọ pupa, wọ́n tún ní kí n sá fún pupa. Ṣé pupa bíi ti ìyá rẹ ni, àbí pupa bíi ti ata?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Rodiat ò lè rẹ́rìn-ín. Ó yẹ fóònù tirẹ̀ wò. "Pupa rúsúrúsú" lòun fọwọ́ ara òun kọ sábẹ́ ìlà ọ̀nà. Ààyè ò gbà á, ètò náà ti gé "rúsúrúsú" dànù, ó wá ku "pupa" bíi ti ìlà gẹdú gẹ́lẹ́. Àwọ̀ ló ń wò látàárọ̀, kò ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pa á tì, ọ̀nà tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ gbà."

"Èmi kọ́. Qamardeen tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ni. Mo ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i, èrò sì ti kún ọkọ̀ ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró."

Ó gbọ́ bí bàbá ṣe ń ké sí Qamardeen, títí ẹ́ńjìnnì kan fi dákẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí Festus.

"Kò yege, sà."

Festus rọra sọ báàgì kalẹ̀. "Kí la ó wá pe àwọ̀ náà?"

Rodiat ní kí wọ́n fi àwọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà: kí ìlà ọ̀nà máa já wẹ́wẹ́, kí ti gẹdú gùn gbọọrọ. Bàbá, tó ṣì wà lórí fóònù, ti sọ ọ́ dorin:

"Ó já, ó já, máa bọ̀ o,
Ó gùn gbọọrọ, yà fún un."

Rodiat tẹ "ó já" sábẹ́ ìlà ọ̀nà. Fóònù ò gé e. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà àkọ́kọ́.