Ìjókòó Kornel Nínú Bọ́ọ̀sì Róòmù

4.

…tí ó ga díẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ, tí irun orí rẹ̀ pupa, tí àpá wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ níbi tí ajá ti bù ú jẹ ní kékeré. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Antóní Mímọ́ ní Pádúà ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn. KORNEL lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé a ò bínú.

Èmi ni mo kọ ìkéde yìí. Zenon ọkọ mi fẹ́ pa gbólóhùn tó kẹ́yìn rẹ́. Ó ní orí ìwé ìkéde kọ́ la ti ń bẹ èèyàn.

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

5.

Àwa tí a wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Jasło ní Pólàńdì lọ sí Róòmù lọ́dún yìí:

Fáda Marceli, tó ń ṣáájú àdúrà.

Sabina, amọ̀nà wa, tó ń gbé agboòrùn aláwọ̀ òféèfé sókè kí a má bàa sọnù.

Ìyá Bogna, opó, tó se ẹyin tó lè bọ́ gbogbo Pólàńdì.

Àwọn míì.

Èmi Urszula, àti Zenon.

Ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí.

6.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Kornel fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sílé, ó ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ra. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó bá wa rìnrìn àjò. Mo ní kó wá wo Róòmù, kó wo ibojì àwọn ẹni mímọ́, bóyá ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́.

A dé Pádúà. Antóní Mímọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ níbẹ̀ bí nǹkan bá sọnù: kọ́kọ́rọ́, òrùka, màlúù. A tò láti fọwọ́ kan òkúta ibojì rẹ̀. Ìlà náà gùn. Inú ibẹ̀ móoru.

"Mo fẹ́ gba atẹ́gùn síra. Mò ń bọ̀, Màmá."

Ó jáde.

7.

(Lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, lọ́jọ́ náà. Sabina ló ń túmọ̀.)

ỌLỌ́PÀÁ: Ṣé ẹ̀yin àti ọmọ yín jà ni?
ZENON: Rárá.
ÈMI: Rárá o.
ỌLỌ́PÀÁ: Ọmọ ọdún mélòó ni?
ZENON: Mẹ́rìnlélógún.
ỌLỌ́PÀÁ: Àgbà ni. Àgbà lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.
ÈMI: Ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìjókòó!
ỌLỌ́PÀÁ: Ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ńkọ́?
ZENON: A ò rí i nínú àpò rẹ̀.
ỌLỌ́PÀÁ: Ó dáa.
ÈMI: Kí ló dáa níbẹ̀?

8.

Ẹni tó fẹ́ kú kì í mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Ohun tí mò ń jẹ sùn nìyẹn.

9.

Ibi tí mo ti rí i lọ́dún yìí:

Ní Fẹ́nísì, nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ó kọ̀yìn sí mi.

Lórí afárá kan. Ó ń jẹ áísìkirimù.

Ní Pádúà, nínú ìlà, níbi tó ti fi wá sílẹ̀ gan-an. Mo di apá ẹni náà mú. Obìnrin ni.

Ẹ má gba gbogbo ohun tí mo bá sọ gbọ́. Ojú mi ti di ojú ẹni tó ń wá nǹkan. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í ríran dáadáa.

10.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ sórí bébà, tí wọ́n há sí ẹ̀gbẹ́ ibojì:

*Antóní Mímọ́, oyún mi kẹta rèé, jẹ́ kó dúró.*

*Ẹ bá mi wá ọkọ mi, ẹ bá mi wá ẹni tó gbà á pẹ̀lú.*

*Ẹ ṣeun. A ti rí ajá náà.*

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a padà wá, mo kọ ojú ewé méjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kọ "Dá a padà." Lọ́dún yìí, bébà lásán ni mo ká. Ẹni mímọ́ náà mọ gbèsè tó jẹ mí.

11.

Nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn Pádúà, gbogbo èèyàn ń wo ìta. Ìyá Bogna nìkan ló ń bó ẹyin.

"Ìyá Kornel, ẹ jẹ ẹyin."
"Ebi ò pa mí, Mà."
"Ẹ jẹ ẹ́. Ebi kì í báni wá ọmọ." Ó wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé agbọ̀n mi síbẹ̀. Bí ọmọkùnrin yẹn bá dé, á kúkú bá oúnjẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde kí n tó dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, bí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbi òkú.

12.

Ọ̀nà Róòmù. Èmi àti Zenon:

"Bàbá Kornel, kí lò ń yà ní fọ́tò látàárọ̀?"
"Òkè."
"Òkè?"
"Òkè, igi, àgùntàn. Urszula, ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mò ń lọ sí Róòmù rèé, mi ò tíì rí Róòmù. Ojú àwọn ọ̀dọ́kùnrin nìkan ni mo rí. Jẹ́ kí n wo Kolosíọ̀mù lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Kí n wò ó bí òkúta."
"Ta ló dì ọ́ lójú?"

Ó ya àgùntàn.

13.

Mísà, ní Róòmù, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n yá ẹgbẹ́ wa lò. Fáda Marceli ń ka orúkọ àwọn tó ti kú.

Fún ẹ̀mí Genowefa.

Fún ẹ̀mí Ludwik.

Fún ẹ̀mí Kornel.

            ó wà láàyè

      Ó WÀ LÁÀYÈ

Ohùn ta nìyẹn? Gbogbo orí yí padà. Ẹnì kan tí kì í ṣe ara wa, tó kàn wọlé wá wo àwòrán ara ògiri, gbé fóònù sókè ó ń ya mí.

14.

(Níta, lábẹ́ òjìji àwọn òpó.)

ÈMI: Ta ló fún yín lórúkọ ọmọ mi, Fáda?
FÁDA MARCELI: Mo rò pé ẹ jọ fẹnu kò sí i ni.
ZENON: Èmi ni.
ÈMI: O pa á.
ZENON: Mi ò pa á. Mo fẹ́ kó sinmi ni.
ÈMI: Òun ni, àbí ìwọ?
ZENON: Èmi. Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá Kornel.
ÈMI: Má pè mí bẹ́ẹ̀.
FÁDA MARCELI: Ẹ ṣe sùúrù. Àdúrà kì í ṣòfò. Bí ọmọ náà bá wà láàyè, Ọlọ́run mọ ibi tí yóò fi àdúrà náà sí.
ÈMI: Ẹ bá mi bi í ní ibi tó fi ọmọ sí ná. Ti àdúrà lè dúró.

Èèyàn dáadáa ni Fáda. Ó wo bàtà rẹ̀.

15.

A lọ sí Kolosíọ̀mù. Sabina gbé agboòrùn sókè, ó ń sọ̀rọ̀ nípa kìnnìún tó ń pa èèyàn níbẹ̀ láyé àtijọ́. Zenon wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Òkúta ni lóòótọ́," ló wí.

Ọmọkùnrin kan ń ta omi inú ike lójú ọ̀nà. Irun rẹ̀ pupa. Ojú ọkọ mi kúrò lára òkúta, ó tẹ̀ lé ọmọ náà títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Mo rí i. Ó mọ̀ pé mo rí i.



16.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ, láti ọ̀dọ̀ arábìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Àsísì, níbi tí a ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri lọ́dún tó kọjá:

*Àlàáfíà fún yín. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbi tí a ti ń bọ́ àwọn tí kò nílé. Irun pupa, àpá lábẹ́ àgbọ̀n. Kò fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń kọrin ní èdè yín nígbà tó ń fọ abọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbé ọkàn lé e jù. Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀.*

17.

Ọkọ̀ ojú irin. Zenon wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kó má bàa bá mi ní arúgbó," ló wí.

Mo fi itọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà fún un, bí a ṣe ń ṣe fọ́mọdé. A di ọwọ́ ara wa mú dé Àsísì.

18.

OHUN TÍ ZENON RÍ (bó ṣe sọ ọ́ fún mi):

Mo ṣíwájú rẹ, Urszula, torí ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó kọ̀yìn sí mi, ó ń to abọ́ jọ. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ibi tí mo máa ń fi ẹnu kò nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ní, "Kornel." Kò yíjú. Mo ní bóyá ojú ń tì í ni. Mo sún mọ́ ọn. Mo ti ń sunkún. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó yíjú.

Ẹni tí mi ò rí rí láyé mi ni.

19.

(Tábìlì ilé ìdáná. Èmi, Zenon, ọkùnrin náà. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún.)

ÈMI: Níbo lo ti gbọ́ èdè wa?
ỌKÙNRIN NÁÀ: Ìyá mi àgbà ló fi tọ́ mi. Lituéníà ni mo ti wá. Vaidas lorúkọ mi.
ÈMI: Àpá yẹn ńkọ́?
VAIDAS: Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi ṣubú.
ÈMI: Ìyá rẹ wà láyé?
VAIDAS: Mi ò mọ̀, Mà.
ÈMI: O ò mọ̀?
VAIDAS: Ó pẹ́ tí mo ti kúrò nílé.
ÈMI: Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò ní sọ ibi tó o wà. Màá kàn sọ pé ò ń mí.
VAIDAS: Rárá.
ÈMI: Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.
VAIDAS: Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló máa gbé e wọ bọ́ọ̀sì, Mà. Ẹ̀yin gan-an mọ̀.
ZENON: Kí ni wọ́n ṣe fún ọ nílé?
VAIDAS: Wọn ò ṣe nǹkan kan fún mi, Bàbá. Wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ má bínú. Ibi tí mo lè ṣàlàyé rẹ̀ dé nìyẹn.

20.

Wọn ò ṣe nǹkan kan fún un.

21.

Zenon jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Fransísì Mímọ́. Àwọn arìnrìn-àjò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń ya ilé náà, wọ́n ń ya òun náà mọ́ ọn.

"Ó wà láàyè," ló wí. "Ìwọ lo jàre. Ó wà níbì kan, ó ń fọ abọ́."
"O ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."
"Nígbà tí mo kà á sí òkú, ọmọ mi ni. Báyìí ńkọ́, Urszula? Kí ni mo jẹ́ sí i báyìí?"

22.

(Mo kọ nǹkan kan síbí nípa ohun tí mo fẹ́ fún ọmọ mi ní wákàtí yẹn, ikú tàbí ìyè. Mo ti fà á ya.)

23.

SABINA: *Bọ́ọ̀sì ń lọ sílé láàárọ̀ ọ̀la o. Ṣé kí a máa retí yín?*

ZENON: *Ẹ máa retí ẹnì kan.*

24.

Ibùdókọ̀ ojú irin Àsísì, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Zenon ti lọ. Ó fi ẹnu kò mí lórí. Kò bẹ̀ mí pé kí a jọ lọ, èmi náà ò bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Òòrùn mú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì mi, mi ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ibì kankan.

Vaidas ló dé. Ó ru àpò rẹ̀ sẹ́yìn.

VAIDAS: Bàbá ńkọ́?
ÈMI: Wọ́n ti lọ sílé.
VAIDAS: Ẹ̀yin ńkọ́?
ÈMI: Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ń lọ ni?
VAIDAS: Wọ́n ti mọ̀ mí jù níbí báyìí.
ÈMI: Àwa la lé ọ.
VAIDAS: Kò burú, Mà. (Ó jókòó.) Àwa tí a ń rìn báyìí, a máa ń pàdé ara wa. Ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló pa wá pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí n rí ọmọ yín lọ́jọ́ kan. Bí mo bá rí i, mi ò ní sọ ibi tó wà fún yín. Ẹ má retí ẹ̀ rárá.
ÈMI: Mo gbọ́.
VAIDAS: Ṣùgbọ́n mo lè jíṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?

ÈMI: Sọ fún un pé

ÈMI: Sọ pé bàbá rẹ̀

ÈMI: Sọ pé kó

VAIDAS: Ẹ má kánjú, Mà.

Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ wọlé. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́.