Ẹrù Àbẹ́là

Ó ti ń tẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àbẹ́là yìí ti ń tẹ̀ lórí mi, mò ń gbóòórùn ìda... Oòrùn kò tíì mú, àbí ó ti mú? Ọjọ́ kẹta rèé tí àwa olùjọsìn ti ń rìn lórí àwọn òkè yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà, òkun ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, bíi pé a ò kúrò lójú kan. Àádọ́rin àbẹ́là! Ta ló rán mi? Ogójì péré làwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi dì pọ̀ sínú ẹrù tiwọn. "Filomena, ṣé odindi ṣọ́ọ̀ṣì lo fẹ́ rù lọ bá Màríà ni?" Ọkọ mi nìyẹn, kó tó padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀lẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ṣá.

Orúnkún ọ̀tún— rárá, n ò ní ronú kàn án.

Ẹ̀jẹ́ ni. Nígbà tí Aniello ọmọ mi já bọ́ lórí igi ólífì, tí kò lanu sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́sàn-án, èmi ni mo ní: Ìyá Màríà, jẹ́ kó jí, n ó máa ru àbẹ́là rẹ gun òkè lọ́dọọdún, èmi nìkan. Ó jí. Ó ti níyàwó báyìí.

Ìyàwó ọ̀hún gan-an ló kó mi sí wàhálà. Loredana. Láti ìjẹta: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú díẹ̀." Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀nà yìí, ẹni tó bá tọrọ ẹrù, a kì í fi dù ú. Oore-ọ̀fẹ́ ló ń tọrọ. Ìyá mi ì bá ti gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ńkọ́? Kí n gbé e fún un, mo yẹ̀ ẹ́. Kí n má gbé e fún un... ahun. Àti pé— jẹ́ n sòótọ́, ta ló ń gbọ́?— ọmọ ìlú ńlá ni, kò ru garawa omi rí láyé ẹ̀. Á dà á nù.

Lánàá ó tún bèèrè, mo bá gbé orin sókè. Láàárọ̀ yìí, kò bèèrè mọ́. Ó dákẹ́ síbì kan lẹ́yìn mi. Ó ń bínú ni. N ò sì lè yí orí wò ó.

Atẹ́gùn yìí dùn, ó ń ta sánsán bí ewé òkè àti iyọ̀. Inú mi ì bá dùn tán, ká ní...

Ọ̀nà yípo. Oòrùn bọ́ sẹ́yìn wa, òjìji mi nà gbọọrọ síwájú. Orí mi nìyẹn. Àbẹ́là nìyẹn, ó dúró ṣánṣán. Ọwọ́ ta nìwọ̀nyí? Ọwọ́ méjì, wọ́n nà sókè lọ́tùn-ún àti lósì ẹrù mi. Wọn ò kàn án. Wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ. Láti ìgbà wo? Láti àárọ̀, tí mo ti ń pè é ní oníbìínú?

Kò rù ú, kò sì fi mí sílẹ̀. Ọmọ yìí! Aniello mọ aya yàn, mo sì ti fọ́jọ́ mẹ́ta ṣe bí adití sí i. Bí mo bá pè é báyìí, ojú á tì í, á sọ ọwọ́ kalẹ̀.

N ò pè é. Mò ń rọra gbẹ́sẹ̀, kí apá má bàa ro ó.