Àpá Abẹ Lára Ìgò Morọ́láyọ̀

Ìgò náà kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ. Morọ́láyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, gbé e sórí ìrọ̀rí bí ẹni gbé ẹyin, ó ń retí nọ́ọ̀sì tó máa wá gún un fún un ní ìrọ̀lẹ́. "Abẹ́rẹ́ Egungun" ni wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀kadà ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti bá a tò ó ní ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbóbì, ṣùgbọ́n egungun náà ń lọ́ra láti so pọ̀, sùúrù rẹ̀ sì ti tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tà á fún yín?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí, níbí ní Bàrígà. Má wulẹ̀ fojú yẹn wò mí, ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí o ti ń fọ ìgò ní láàbù, ẹsẹ̀ ta lo wò sàn?"

Ìdérí ìgò náà ni mò ń wò. Irú rẹ̀ kún inú fìríìsà wa ní láàbù. Mo fi èékánná bó ìwé ara rẹ̀, ìwé mìíràn sì yọjú lábẹ́: purotéènì ènìyàn, inú bakitéríà la ti ṣe é, fún ìwádìí nìkan, ẹ má lò ó fún ènìyàn.

Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mú ìlànà tí ara ènìyàn fi ń ṣe purotéènì, wọ́n á kì í bọ inú bakitéríà, kòkòrò tíntín tójú kò rí, òun náà á sì máa ṣe é bí alágbàṣe. Àwa ń kán an sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo láti wo bí egungun ṣe ń dàgbà. Èérí bakitéríà tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ kò dí iṣẹ́ wa lọ́wọ́. Bí èérí yẹn bá wọnú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ó lè pa á.

Ìgbà náà ni mo rí etí ìwé tí mo bó. Àpá kékeré kan wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èkúté bá fi eyín kàn án. Mo mọ àpá yẹn. Ẹ̀rọ tí bàbá wa fi ń gé ìwé ní Ṣómólú, ẹnu abẹ rẹ̀ kán níbì kan, gbogbo ohun tó bá gé ló ń gba àpá náà.

Mo ki ìgò bọ àpò.

"Dọlápọ̀! Olè! Gbé e padà!" Kò lè dìde lé mi.

Ní òpópónà tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan á ya iṣẹ́, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á gé e. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Àwọ̀ ni wọ́n ń wò, kí pupa má gun orí búlúù.

Mo na ìwé náà sí bàbá mi. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gé èyí?"

Ó fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀. "Èmi ni. Ó gún régé. Kí ló dé?"

"Ẹ kà á."

"Kà á kẹ̀? Ṣé ìdánwò ni mo wá ṣe níbí ni?"

"Ikú ni wọ́n fi ń bò, Bàbá! Lórí ìrọ̀rí Morọ́láyọ̀ ni mo ti gbé e. Wọ́n fẹ́ gún un fún un lónìí!"

Ọlápọ̀sí, tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá ẹ lò ń jágbe mọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Íńkì ni tèmi."

"Íńkì ni tiyín, abẹ ni ti Bàbá. Ta ló wá ni òkú?"

Bàbá mi gba ìgò náà, ó ka ìwé ìsàlẹ̀ yẹn, ètè rẹ̀ ń mì. Kò tíì gbójú sókè tí Ikúmápàyí fi wọlé, ẹ̀rín lẹ́nu, ó wá kó ìyókù ìwé náà.

"Àlùhájì! Ṣé iṣẹ́ mi ti ṣe tán?"

"Ó ku díẹ̀." Bàbá mi gbé odindi òkìtì ìwé náà sábẹ́ abẹ. Kò tẹ̀ lé ìlà. Ó gé e ní ìdábùú, ó yí i, ó tún gé e, ó di wẹ́wẹ́.

"Ẹ ti bà á jẹ́! Ṣé orí yín dàrú ni?"

"Ìwé ni mò ń gé. Iṣẹ́ mi nìyẹn." Ó di ọrùn aṣọ Ikúmápàyí mú. "Morọ́láyọ̀ tóo ta tìẹ fún, ọmọ mi ni. Àwọn tó kù tóo tà á fún dà?"

Fóònù mi dún. Morọ́láyọ̀ ni, ó ń sunkún, ó ń ṣépè: nọ́ọ̀sì ti dé, níbo ni mo gbé abẹ́rẹ́ òun lọ?

Bàbá mi fi ọwọ́ kan gba fóònù. Kò tú èkejì sílẹ̀.

"Má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn lọ," ló wí fún un. "Òun ló mọ ilé àwọn tó ti gún."